Orí, Ẹsẹ̀ àti Ìpàdé: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Stephen Covey

Ní ọdún 1989 ni Stephen R. Covey, ọmọ bíbí ìlú Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní The 7 Habits of Highly Effective People. Ìtumọ̀ àkọlé yìí sí èdè Yorùbá kò rọrùn tó bí ènìyàn ti lè rò. Bárakú ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu fún ohun tí ó ti mọ́ ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ohun tí kò dára, bí ọtí tàbí tẹ́tẹ́, ni àwọn Yorùbá sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Àṣà sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ti ẹnì kan lọ. Bóyá ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni kí a wí pé ìwé náà dá lórí ìwà méje tí ó ti mọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn máa ń yọrí lára. Ìṣòro ìtumọ̀ yìí kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀, nítorí pé ó ń tọ́ka sí ibi tí èrò Covey àti èrò Yorùbá ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ìwé náà ti rìn jìnnà. Kí Covey tó kú ní ọdún 2012, ẹ̀dà rẹ̀ tí a ti tà káàkiri àgbáyé ti ju mílíọ̀nù 20 lọ. Ní Nàìjíríà, àwọn oníwàásù a máa mú àpẹẹrẹ jáde nínú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ a sì máa kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìwé mìíràn tí ó jọ ọ́, wọn a nà án sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá kò kà á sí ohun tí ó kàn wọ́n. Àṣìṣe ni. Ìwé tí ó ń sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá bí wọn yóò ti máa lo ìgbésí ayé wọn, tí wọ́n sì ń gbà á gbọ́, yẹ kí ó rí ẹni tí yóò fi ojú ìmọ̀ Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú yàrá ìkàwé nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a ti dán irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ibi tí ó bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ ni àdúgbò bí OPIC Estate, ní agbègbè Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti àwọn àdúgbò titun mìíràn tí ó tò lọ bẹẹrẹ ní apá ibẹ̀. Ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ni ó sọ Mowe àti Ibafo di ojú ọ̀nà; ọ̀wọ́n ilé ní Èkó ni ó sì kó ènìyàn kún ibẹ̀. Àwọn tí ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ baba kan. Ará Èkìtì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbò àti Ẹdó. Kò sí agbo-ilé, kò sí ẹgbẹ́ tí a bí ènìyàn sí, kò sí ìyá àgbà tí ó mọ ìtàn ilé gbogbo. Olúkúlùkù ni ó gbẹ́ kànga tirẹ̀, tí ó ra ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀, tí ó mọ odi yí ara rẹ̀ ká; ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n sì máa ń ṣe ni pé onílé kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kan, ọ̀daràn kì í ya ilé ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tiransifọ́mà kan náà ni ó sì ń fún gbogbo wọn ní iná. Nítorí náà ni àwọn onílé fi ń pe ìpàdé.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin Covey fún ni ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó ka àwọn ìwé tí a ti kọ ní Amẹ́ríkà nípa àṣeyọrí láti ọdún 1776, ó sì rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Fún nǹkan bí 150 ọdún àkọ́kọ́, ìwà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: òtítọ́, ìrẹ̀lẹ̀, ìgboyà, sùúrù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ènìyàn bí a ti ń fara hàn lójú ẹlòmíràn àti bí a ti ń sọ̀rọ̀ tí ọkàn olùgbọ́ yóò fi yọ́. Covey pe àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí ìwà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, èyí tí Wándé Abímbọ́lá ti ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé, kò ní rí ohun àjèjì nínú ìpè yìí. Sùúrù ni baba Ìwà nínú ìtàn náà. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò lè mú àìpé rẹ̀ mọ́ra. Ìwà kúrò nílé, ayé sì dàrú mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ títí ó fi dìde láti wá a kiri. Kí a ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Aya ni Ìwà. Ọ̀rúnmìlà kò lè tì í mọ́ inú àpótí bí ohun ìní. Ẹni tí a ń bá gbé ni, tí ó sì lè lọ bí a kò bá mọ̀ ọ́n bá gbé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtàn náà ti fi ìwà sí àárín ènìyàn méjì.

Ìwà méje tí Covey tò kalẹ̀ kò ṣòro láti sọ ní ṣókí. Kí ènìyàn mọ̀ pé òun ni ó ni ìṣe òun, kí ó má ṣe máa di ẹ̀bi ru ipò tí ó bá ara rẹ̀. Kí ó ti mọ òpin ìrìn rẹ̀ kí ó tó gbéra. Kí ó fi ohun tí ó ṣe pàtàkì ṣíwájú ohun tí ó kàn ń pariwo. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyẹn, Covey sì kà wọ́n sí ìṣẹ́gun tí ènìyàn ń ní ní ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀. Mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé wọn ni ti ìta gbangba: kí ènìyàn máa wá àbájáde tí yóò ṣe tọ̀tún tòsì ní àǹfààní, kí ó gbìyànjú láti gbọ́ ẹlòmíràn yé kí ó tó máa wá kí a gbọ́ òun yé, kí ó jẹ́ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ẹlòmíràn bí ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè dá bí. Èkeje ni kí ó máa pọ́n ayùn rẹ̀, èyíinì ni pé kí ó máa tún ara àti ọkàn rẹ̀ ṣe. Covey sì tẹnu mọ́ ọn pé ètò yìí ní ìdí. Ènìyàn ń ti ipò ìgbáralé bọ́ sí ipò ìdádúró, kí ó tó bọ́ sí ipò àjọṣe. Ẹni tí kò bá tíì ṣẹ́gun ara rẹ̀, bí ó bá wọ àárín ènìyàn, kò ní ohun tí yóò mú wá.

Orí ètò yìí gan-an ni ìbéèrè wà.

Nínú ìwé tí Abímbọ́lá kọ lórí Ifá tí ó jáde ní ọdún 1976, ó ṣe àlàyé ẹsẹ Ifá kan tí ó dá lórí àwọn Orí àti Ẹsẹ̀. Àwọn Orí pe ara wọn jọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀. Èṣù sọ fún wọn pé níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti pe Ẹsẹ̀, òun yóò wo bí wọn yóò ti mú ìmọ̀ wọn wá sí àṣeyọrí. Ìpàdé náà tú sínú ìjà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lójú.

Ohun tí a sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni ni ipò akitiyan nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá. Orí ni ìpín tí ẹ̀dá yàn. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti mú ìpín náà ṣẹ. Orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ yóò jókòó sójú kan. Àlàyé náà tọ́, ìwà kìíní nínú ìwé Covey sì nìyẹn láì kù síbì kan. Kò sí ìdí tí olùkọ́ Yorùbá kan yóò fi rò pé ọ̀rọ̀ ìpín ń mú àwọn ènìyàn rẹ̀ káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí fò kọjá ohun tí ó hàn gbangba lójú ìtàn náà, èyíinì ni pé inú ìpàdé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Orí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n tètè dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń ronú. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n fi ẹnì kan sílẹ̀ tí wọn kò pè, nítorí pé ó rẹlẹ̀ ní ojú wọn. Ẹsẹ Ifá yìí so ohun méjì pọ̀ tí Covey yà sọ́tọ̀ fún apá kejì àti apá kẹta ìwé rẹ̀: akitiyan ẹni kọ̀ọ̀kan àti bíbá ẹlòmíràn lò. Ní ojú Ifá, ohun kan náà ni wọ́n. Akitiyan kò sí níbẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ẹni tí wọn kò kà sí.

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní ìpàdé àwọn onílé ní irú ibi bí OPIC Estate yóò mọ ìtàn yìí láì kà á. Orí kì í wọ́n níbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ wà, agbẹjọ́rò wà, òṣìṣẹ́ báńkì wà, olórí ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìntì wà. Olúkúlùkù wọn ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ọ̀nà tí ó ti di kòtò. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò rìn láti ilé dé ilé láti gba owó ìdáwó, tí yóò sì tún lọ dúró ní ọ́fíìsì iná mànàmáná fún ọjọ́ kan gbáko. Bákan náà ni ó ṣe pàtàkì kí a béèrè àwọn tí kò sí ní ìpàdé náà. Ayálégbé kì í wá, nítorí pé orúkọ ìpàdé náà ni ìpàdé àwọn onílé. Mẹ́gàádì kì í wá. Obìnrin tí ń ta omi àti bíńsù ní ẹnu ọ̀nà kì í wá, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó wà nílé ní gbogbo ọ̀sán tí àwọn onílé wà ní Èkó, tí ó mọ ìgbà tí olè wọlé àti ibi tí àgbàrá gbà. Àwọn ni Ẹsẹ̀.

Covey ní àwòrán kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn. Òbìrí ńlá ni gbogbo ohun tí ń jẹ ènìyàn lọ́kàn. Òbìrí kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ó gba ènìyàn níyànjú pé kí ó má ṣe fi okun rẹ̀ ṣòfò lórí òbìrí ńlá. Kí ó ṣiṣẹ́ lórí ti kékeré, yóò sì máa gbòòrò. Ìmọ̀ràn yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìráhùn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a gbé e lọ sí ilẹ̀ àbàtà ní ìgbà òjò. Onílé kan rí i pé omi ń wọ àgbàlá òun. Kò ráhùn, kò retí ìjọba. Ó fi owó pamọ́, ó ra iyanrìn, ó kún ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ga, ó da kọnkéré lé e, ó mọ odi tí omi kò lè gbà kọjá. Gbogbo ohun tí ìwà mẹ́ta àkọ́kọ́ béèrè ni ó ti ṣe pé pérépéré. Òjò rọ̀, omi tí kò rí ọ̀nà gbà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ yà sí ilé aládùúgbò, ó sì gbé ìrọ̀rí lé orí omi. Aládùúgbò náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kún ilẹ̀ tirẹ̀ ga ju ti ẹni ìṣáájú lọ ní ọdún kejì. Báyìí ni àdúgbò ṣe ń ga sókè ní ilé dé ilé, tí ọ̀nà sì ń di odò. Covey lè dáhùn pé ibẹ̀ ni ìwà kẹrin ti wúlò, àbájáde tí yóò ṣe tọ̀tún tòsì ní àǹfààní. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwà kẹrin dé lẹ́yìn tí odi ti dúró, tí owó iyanrìn sì ti wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ gọ́tà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àjọṣe gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú rẹ̀, tí ìṣẹ́gun ìkọ̀kọ̀ bá sì kọ́kọ́ dé, ó di ìjàǹbá.

Àwòrán rẹ̀ kejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ti báńkì. Covey fi ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín ènìyàn méjì wé owó tí a fi pamọ́ sí báńkì. Inú rere, ìlérí tí a mú ṣẹ, àti àforíjì tí a tọrọ ni owó tí a ń fi sí i. Ìwà àfojúdi àti ìlérí tí a yẹ̀ ni owó tí a ń gbà jáde. Ẹni tí kò bá fi sí i kò lè gbà níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó bá ọgbọ́n mu ni, ó sì rọrùn láti fi kọ́ ọmọ. Bí a bá fi wé èsúsú nìkan ni àléébù rẹ̀ fi ń hàn. Kí a wí pé ènìyàn 12 ń dá ₦20,000 lóṣù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o yóò gba ₦240,000 ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dá ju ₦20,000 lọ. Àwọn 11 yòókù ti fi ₦220,000 gbára lé ìwà rẹ̀ kí ó tó ní ohunkóhun nílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ṣíwájú. Ẹ̀rí ni ó ń tẹ̀ lé e. William Bascom, tí ó kọ̀wé nípa èsúsú ní ọdún 1952, rí i pé ètò pàtàkì ni láàárín àwọn Yorùbá, àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun sì gbé e dé Trinidad, níbi tí a ti ń pè é ní susu títí di òní. Owó kò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí ẹrù ń jìyà wọn bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ bí a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ara ẹni ṣáájú ẹ̀rí.

Ohun mìíràn tún wà nínú èsúsú tí ó ta ko ètò Covey ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè fi owó pamọ́ fún ara wọn. Bí ó bá wà lọ́wọ́ wọn, yóò tán. Bí wọ́n bá wọ èsúsú, wọn a máa dá owó lóṣooṣù láì yẹ̀, nítorí ojú àwọn ẹgbẹ́ wọn àti nítorí ẹni tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn. Ìkóra-ẹni-níjàánu tí Covey ní kí ènìyàn ti ilé mú wá sí àárín ẹgbẹ́, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti rí i. Akínṣọlá Akìwọwọ, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀rọ̀ àsùwàdà gbé irú èrò yìí kalẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ní ọdún 1986: pé ṣíṣù pọ̀ ni ẹ̀dá fi ń jẹ́ ẹ̀dá. Àwọn kan ti bá a jiyàn lórí bí ó ti túmọ̀ ewì tí ó gbára lé, àríyànjiyàn náà sì ṣe ìmọ̀ ní rere.

Kò yẹ kí ìdájọ́ yìí wá di ìgbéraga. Àwọn onímọ̀ Yorùbá kan ní àṣà kan tí ó ń rẹni: bí ìwé àjèjì kan bá ti sọ ohun tí ó dára, wọn a wí pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọn a dárúkọ àáró àti ọ̀wẹ̀, wọn a sì jókòó. Fádípẹ̀, tí ó kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1970, ṣe àlàyé àwọn ètò wọ̀nyí láì fi oyin kùn wọ́n. Nínú àáró, àwọn ọgbà díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Méjèèjì dúró lórí pé a mọ ẹni, a mọ ilé baba rẹ̀, kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Ní OPIC Estate, ẹni tí kò bá wá sí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ọjọ́ Sátidé yóò ti géètì rẹ̀, kò sì sí àna rẹ̀ kankan ní àdúgbò. Lójú èyí, Covey, tí ó kọ̀wé fún àwọn àjèjì tí iṣẹ́ pa pọ̀, mọ ayé wọn ju ẹni tí ń rántí oko lọ.

Ibi tí ó ti tayọ jù lọ ni ìwà karùn-ún. Àwọn Yorùbá kà á sí ìwà ìkà kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo dá, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni ìgbọ́ràn náà ń sìn: àgbà ń gbọ́ tọ̀tún tòsì kí ó lè mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Covey ń béèrè irú ìgbọ́ràn mìíràn, tí ẹni tí ń gbọ́ kò ní ìdájọ́ kankan nínú àpò, tí ó kàn fẹ́ mọ bí ayé ti rí láti ibi tí ẹnì kejì dúró sí. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ní ìpàdé tí èdè mẹ́ta ń jà nínú rẹ̀. Bí a bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ni yóò borí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní orí. Bí a bá fi Yorùbá ṣe é, ará Ìgbò tí ó ti gbé ibẹ̀ fún 15 ọdún yóò jókòó bí àlejò nínú ọ̀rọ̀ tí owó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nípa ìwà kẹta, ó tó kí a wí pé Covey kọ ọ́ fún ẹni tí ó ni aago ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń kúrò ní Mowe kí àkùkọ tó kọ, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì ń dá padà ní alẹ́, òpópónà ni ó ni púpọ̀ nínú aago tirẹ̀.

Ó kù kí a bi ìwé ìtàn Yorùbá kan léèrè. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ọdẹ méje pàtàkì ni ó lọ sí Òkè Láńgbòdó: Àkàrà-ògùn, Kàkò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ àti Aramọ̀ńdà-okùnrin. (Méje tí ó bá méje pàdé yìí kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.) Ọ̀kan lágbára, ọ̀kan gbọ́n, ọ̀kan mọ orin, ọ̀kan gbọ́ èdè ẹranko, ọ̀kan mọ ọfà ta. Ìwà kẹfà Covey nìyẹn gan-an. Fágúnwà kò sì dá ẹnì kankan dúró kí ó kọ́kọ́ tún ara rẹ̀ ṣe tán kí ó tó bá ẹgbẹ́ lọ. Kàkò ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ìpè dé bá a. Obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ, ó sì pa á, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òǹkàwé púpọ̀ ń ka ibẹ̀ bí ẹ̀rí ìgboyà rẹ̀. Ìkàwé tí kò jinlẹ̀ ni. Kàkò jẹ́ ẹni tí ó wúlò fún ẹgbẹ́, tí ó sì léwu fún ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbèjà Covey, pé ẹni tí kò ṣẹ́gun ara rẹ̀ ń gbé ogun wọ àárín ènìyàn, ojú ewé yìí nínú Fágúnwà ni kí ó mú dání, ó sì lágbára ju púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ tí Covey fúnra rẹ̀ mú wá.

Nítorí náà, kò tó kí a wí pé ètò Covey ni a ó yí padà pátápátá, kí àjọṣe di ìwà kìíní kí ìkóra-ẹni-níjàánu di ìkẹyìn. Ìpàdé kò lè tún Kàkò ṣe ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n Covey ń ka ènìyàn sí ẹni tí ó ní yàrá kan ní ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ tí ó ti lè kọ́ ìwà kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ìtàn Yorùbá kò fún ẹnikẹ́ni ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, ìṣòro rẹ̀ kò ní pin sí orí ọ̀rọ̀ bí bárakú àti àṣà. Yóò ní láti pinnu ibi tí òǹkàwé rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá ni tàbí nínú ìpàdé, ẹni tí ó sì máa kà á ní ọkọ̀ láti Ibafo ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, kò sí ní yàrá, kò sì sí ní ìpàdé. Nínú ẹsẹ Ifá náà, nígbà tí àwọn Orí ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ níkẹyìn, kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó ti ṣẹ́gun ara rẹ̀. Wọ́n ṣí àyè fún un ni, ó sì jókòó.